Òru kan ní Langdale: àdògán tí mo gbé wọ inú àgọ́

Ọdún kejìlá ìgbéyàwó wa ló gbé wa débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ìbejì ti ń sọ pé ó ti sú òun ká máa lọ jókòó sílé oúnjẹ lọ́dọọdún, ká jẹ ìrẹsì tí kò tó tilé, ká sì san owó gọbọi. Ó ní ibi tí òun ò ti ní gbọ́ ariwo lòun fẹ́ sùn. Nọ́ọ̀sì ni. Òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà míì mẹ́rin, ló fi ń gbọ́ bí ẹ̀rọ àwọn aláìsàn ṣe ń dún kín-ín kín-ín. Mo ní ó dáa, a ó lọ pàgọ́. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti pàgọ́ rí.

Nígbà tí mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fáwọn ará wa ní Manchester, ọ̀rẹ́ mi kan dákẹ́ lọ gbáà. Ó ṣe díẹ̀, ó ní òun náà ti gbé irú àdògán bẹ́ẹ̀ sínú gáréèjì rí lọ́jọ́ tí yìnyín ń bọ́, tí òun àtìyàwó òun jókòó tì í tí wọ́n ń yáná. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀.

Ọ̀nà M6 la gbà lọ. A yà sí Windermere, a kọjá Ambleside, ọ̀nà wá ń há sí i, ogiri òkúta lọ́tùn-ún, ogiri òkúta lósì, tó fi jẹ́ pé bí mọ́tò méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn. Àfonífojì ni Langdale, àárín àwọn òkè Lake District ló wà, Scafell Pike tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 978, kò sì jìnnà síbẹ̀. Àárín oṣù kọkànlá ni. A débẹ̀ láago mẹ́ta ọ̀sán, mo rò pé àkókò ṣì wà. Lóṣù yẹn, bí aago mẹ́rin bá ti lù báyìí, oòrùn ti wọ̀ nìyẹn, òkè tilẹ̀ ti bò ó kó tó wọ̀. Kò tún ní yọ títí aago méje ààbọ̀ yóò fi kọjá lówùúrọ̀. Òru wákàtí 15! Ẹni tó bá ń ro ìpàgọ́ lọ́kàn máa ń ro ojúmọmọ. Èmi ò ro òru rárá.

Ibi tí a máa pàgọ́ sí ló kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìyá Ìbejì tọ́ka sókè díẹ̀, lẹ́bàá ogiri òkúta kan tí igi wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi fẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, lórí koríko tó tẹ́jú bí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, kí n lè máa gbọ́ omi tó ń ṣàn. Ìyá òyìnbó arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń sùn nínú báàsì kékeré rẹ̀. Ó wò wá, ó ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn máa tutù o. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo dúpẹ́, mo kan èèkàn mi mọ́lẹ̀. Ohun tí ìyá yẹn mọ̀ tí n kò mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju tó gbóná lọ. Lálẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí atẹ́gùn ò sì fẹ́, ńṣe ló máa ń ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè bí omi, á wá dúró sójú kan nísàlẹ̀ àfonífojì. Inú adágún òtútù ni mo tẹ́ ibùsùn sí.

Ẹrù tí a kó kò burú lójú ara mi. Àgọ́ oníyàrá kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti lò ó. Àpò ìsùn méjì tí wọ́n kọ −10 gàdàgbà sí lára. Bẹ́ẹ̀dì oníafẹ́fẹ́ tí àwọn àlejò máa ń sùn lé nílé wa. Sítóòfù kékeré kan pẹ̀lú agolo gáàsì mẹ́rin. Àdògán onírin tí a fi ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ààbọ̀ àpò èédú. Ẹja Titus méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́rin tó ti ń pọ́n bọ̀, ẹ̀pà, ata gígún nínú ike.

Mi ò ní purọ́, ìrọ̀lẹ́ yẹn dùn. Bọ̀ọ̀lì ni mo kọ́kọ́ sun. Ẹ mọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe máa ń ta pàù lórí ẹ̀yinná tí omi inú rẹ̀ á máa hó wẹ́wẹ́ létí ibi tó ti sán? Òkùnkùn ti ṣú, a kò rí ohun mìíràn ju ojú ẹ̀yinná àti ìràwọ̀. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ mú bọ̀ọ̀lì, ọ̀rá ẹja kán sí i, ó ní kò sóhun tó kàn òun. Mo mu ìgò sítáòtù kan. A sọ̀rọ̀ ilé, a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí a kó sọ́dọ̀ àǹtí wọn, a sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan tí a kò ti ráyè sọ láti ọdún méjì. Láago mẹ́jọ ìrì ti ń dì lórí àga. A wọlé.

Mo rò pé afẹ́fẹ́ òkè ló máa bá wa jà. Ilẹ̀ ni. Kò tí ì pé wákàtí kan tí a dùbúlẹ̀ tí ẹ̀yìn mi fi dà bíi ti ẹni tó sùn sórí omi. Mo yí padà, ẹ̀gbẹ́ mi tutù. Mo tún yí padà, ikùn mi tutù. Ọkàn mi lọ sí ọyẹ́ ní Ìbàdàn, bí sìmẹ́ńtì ṣe máa ń gba ooru lẹ́sẹ̀ ẹni láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń fún èèyàn ní oòrùn tó bá di ọ̀sán. Eyín Ìyá Ìbejì ń gbá ara wọn kéké. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò sí lára òun mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi gbé omi kaná, kí n rọ ọ́ sínú ike kí n fi há ẹsẹ̀."

Mo bọ́ síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí. Mo ṣáná sí sítóòfù. Iná rẹ̀ yọ bíi ti fìtílà tí epo ń tán nínú ẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, ó kú. Mo ṣán agolo, mo tún ṣáná. Ó kú. Mo pààrọ̀ agolo, bákan náà. Gáàsì kún inú ẹ̀ bámúbámú, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mì. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé butane ni wọ́n rọ síbẹ̀, butane kì í sì í di afẹ́fẹ́ mọ́ tí òtútù bá ti dé nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n sí ìsàlẹ̀ òdo. Gáàsì tó wà ní olómi, tí kò lè jó, ló kù nínú agolo. Inú kẹ́túlù pàápàá, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú omi.

Bí mo ṣe yíjú, mo rí àdògán níbi tí mo fi í sí. Eérú funfun ti bò ó. Mo fi igi tú u, ẹ̀yinná ṣì wà nísàlẹ̀, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Kò rú èéfín rárá. Ooru rẹ̀ bà mí lójú, mo fẹ́ sunkún.

Èmi tí mo gbé e wọlé kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Ní Mọ́kọ́lá níbi tí mo dàgbà sí, kò sọ́mọ tí kò mọ̀ pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ń pààyàn. Bàbá mi a máa fi ṣéènì so I-better-pass-my-neighbour wa mọ́ òpó níta, ẹ̀yìn odi pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù olè ń bà á. A máa ń gbọ́ nípa ìdílé tó gbé e sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò jí. Ṣùgbọ́n èédú kẹ̀? Èédú ni ìyá mi fi ń dáná. Èédú la fi ń lọ aṣọ. Lórí èédú la ti ń jẹ àgbàdo sísun. Ohun tó rú èéfín ni mo mọ̀ lóhun tó léwu, èyí kò sì rú. Mi ò rántí pé ilé ìdáná ìyá mi kò ní ilẹ̀kùn. Ògiri mẹ́ta ni, páànù sì ga kúrò lórí ògiri níbi gbogbo, ológbò máa ń gbabẹ̀ wọlé. Kì í ṣe pé èédú ìyá mi kò ní májèlé. Ilé yẹn ló ń tú u dànù.

Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́, mo fi òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kó má jó ilẹ̀. Mo gbọ́n, àbí? Mo wá fa síìpù ìta dé òpin, mo fi ti inú sílẹ̀ gbayawu kí ooru lè wọlé.

"Mo ti gbé iná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀," ni mo wí.

"Ẹ ṣé," ni Ìyá Ìbejì wí láti inú àpò rẹ̀. Ó ti bo orí, imú nìkan ló yọ síta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀, torí òun ló ṣì ń ká mi lára jù. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ó mọ̀ nípa èédú. Ká ní mo sọ pé mo gbé àdògán wọlé ni, á fò dìde. Ṣùgbọ́n iná ni mo pè é. Lédè wa, iná ni ti àdògán, iná ni gílóòbù, iná ni tọ́ọ̀ṣì, iná ni ohun tí NEPA máa ń mú lọ. Ó rò pé fìtílà onibátìrì tí a gbé wá ni mo gbé síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ jáde lóru má baà fẹsẹ̀ kọ. Ó dúpẹ́ fún fìtílà, ó sùn lọ.

Ooru dé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú, èjìká mi sọ̀. Èmi náà sùn.

Ìtọ̀ ló jí mi, díẹ̀ lẹ́yìn aago méjì. Ìyàwó mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà: bí òtútù bá mú èèyàn, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò ní apá àti ẹsẹ̀ wá sáàárín ara, kíndìnrín á rò pé omi ti pọ̀ jù, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e jáde. Nítorí náà òtútù tí mò ń sá fún gan-an ló yọ mí. Mo fẹ́ dìde, orí mi lù bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán nínú rẹ̀. Mo ní sítáòtù ni. Ìgò kan ṣoṣo! Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò gbọ́ràn. Mo ṣubú lu ẹ̀gbẹ́ àgọ́, gbogbo ìrì tí èémí wa ti dà sára aṣọ rẹ̀ rọ̀ sí wa lórí bí òjò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Orí ń fọ́ mi."

"Orí ń fọ́ èmi náà."

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ó fi ohùn kan tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀ béèrè pé, "Iná wo lẹ gbé síbẹ̀?"

"Àdògán."

"Jáde! Fi í sílẹ̀, jáde!"

Ní ọdún méjìlá, ìyàwó mi kò pè mí ní "o" rí, kódà nígbà tí a bá ń jà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ikú wà nítòsí. Bí mo ṣe ń wá orí síìpù nínú òkùnkùn, ìka mi dà bí ìka ẹlòmíràn. Òun ló ti ọwọ́ mi kúrò tó fà á. A rá kòrò jáde pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lórí koríko tó ti dì gan-gan, ó bì síbẹ̀, èmi náà bì. Ìyá arúgbó inú báàsì gbọ́ wa. Ó gbé fìtílà dé, ó rí àdògán lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, kò bi wá ní ìbéèrè kankan mọ́. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí lórí fóònù wa. Òun ló lọ jí ẹni tó ń mójú tó ibùdó náà, ìyẹn ló pe 999. Ìyá náà fi kúbùsù rẹ̀ bò wá, ó mú wa jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn báàsì tó ṣí sílẹ̀, kò jẹ́ ká wọ inú lọ dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ lẹ nílò báyìí, ó ní, ooru ń bọ̀.

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há mi níka. Ó kọ 98. Mo wo ìyàwó mi, mo ní ṣé ẹ rí i, ara mi ti yá. Ó mi orí. Ẹ̀rọ ìka kì í dá carbon monoxide, gáàsì olóró tí èédú ń tú jáde, mọ̀ yàtọ̀ sí ọ́síjìn, ó ní. Ẹni tó ń kú lọ lè ní 98 lójú rẹ̀. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ọ́síjìn kiri ara máa ń dì mọ́ gáàsì yìí ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bó ṣe ń dì mọ́ ọ́síjìn lọ, kì í sì í tètè fi í sílẹ̀. Ẹni tó kàn bọ́ síta tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó lè gba wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Ọ́síjìn tí wọ́n bá fi ìbòjú fún un ló máa dín in kù sí bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìbòjú sí wa lójú títí dé ọsibítù, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì tún fi í sílẹ̀ lójú wa títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Bẹ́ẹ̀dì mi dojú kọ tirẹ̀. A kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò mí.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo tó lè tú ẹrù yẹn wò. Mo ka ohun tí wọ́n rán mọ́ inú àpò ìsùn, ibi tí n kò kà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní comfort, tí wọ́n ń fi obìnrin wọ̀n, jẹ́ 8 lókè òdo. Limit, tí wọ́n ń fi ọkùnrin wọ̀n, jẹ́ 4 lókè òdo. Extreme ni −10, ìyẹn ibi tí wọ́n gbà pé obìnrin lè má kú, àmọ́ tí òtútù ti lè ṣe é léṣe. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n kọ gàdàgbà síta. Ìyàwó mi tí òtútù tètè ń mú ni mo ra àpò tó wà fún òru oṣù karùn-ún fún, mo sì gbé e lọ sínú òru oṣù kọkànlá.

Ti bẹ́ẹ̀dì tilẹ̀ tún burú jù. Owú inú àpò tó wà lábẹ́ ẹ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ nítorí ìwúwo ara rẹ, kò wúlò mọ́. Ohun tó wà láàárín ìwọ àti ilẹ̀ ló kù. Afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú bẹ́ẹ̀dì wa, ó ń yí kiri nínú rẹ̀, ó ń gba ooru lára wa, ó ń gbé e fún ilẹ̀. Lẹ́tà R ni wọ́n fi ń wọn bí ẹní ṣe ń dènà òtútù. Irú tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 1 lọ. Ẹni tó máa sùn nínú òtútù tó ń sọ omi di yìnyín, kí tirẹ̀ tó 4 ó kéré tán, èèyàn sì lè to méjì léra kó ro iye wọn pọ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ kan tí owó rẹ̀ kò tó ti ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a rà, tí mo bá ti fi sábẹ́ wa, n kò rò pé mi ò bá wá iná kankan.

Mo sọ èyí fún Ìyá Ìbejì. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí n má fi ẹ̀sùn àdògán kan fóòmù.

A padà lọ ní ìparí oṣù kẹta. Òun ló ní ká lọ, kì í ṣe èmi. Ó ní tí a kò bá lọ, bọ̀ọ̀lì ìrọ̀lẹ́ yẹn á kàn máa jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. A pàgọ́ sókè lẹ́bàá ogiri. Fóòmù wà nísàlẹ̀, ẹní tó ní owú nínú wà lórí rẹ̀, a so síìpù àpò ìsùn tuntun méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Gáàsì tí a gbé dání ní propane nínú, èyí tí òtútù kì í dá dúró bíi ti butane, ó jó geere. Omi gbígbóná nínú ike, ike nínú ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ wa. A fi ihò afẹ́fẹ́ òkè àgọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ìrì kò sì kán sí wa lórí. Ìyá Ìbejì ti ra ẹ̀rọ tó máa ń ké tí carbon monoxide bá wà, ó so ó kọ́ sókè, síbẹ̀ ó bomi pa èédú fúnra rẹ̀ títí tó fi dákẹ́ ṣíṣ, ó gbé àdògán lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò.

Láago mẹ́sàn-án, oorun ti ń gbé mi. Mo na ọwọ́ sókè.

"Kí n pa iná?"

"Iná wo?"

"Tọ́ọ̀ṣì ni o."

"Ẹ pa á."